Báwo ni ẹni tó ti kúrò ní Ireland ṣe lè máa wo bọ́ọ̀lù ibẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n?

Ìyá Drogheda, Calgary

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará tí a jọ gbé Ireland rí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Drogheda ni a ti tọ́ àwọn ọmọ wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ mi ti di ẹni tí kì í jẹ́ kí eré Drogheda United, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, kan kọjá lẹ́yìn òun. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Kánádà ni ọ̀rọ̀ náà ti di ìṣòro fún wa. Bí a bá ṣí RTÉ Player, ojú òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ireland, a máa ń rí ìròyìn àti àwọn ètò mìíràn wò, ṣùgbọ́n bí eré bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, àkọlé kan ni yóò yọ síta tí yóò sọ pé ètò náà kò sí fún àwọn tó wà níbi tí a wà. Nígbà tí Drogheda na Derry City ní 2-0 tí wọ́n sì gba ife FAI (ife àjọ bọ́ọ̀lù Ireland) ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, orí fóònù ni a ti ń ka bí eré náà ṣe ń lọ. Nígbà tí Louth, àgbègbè tí Drogheda wà, gba ife Leinster, ẹkùn ìlà-oòrùn Ireland, nínú bọ́ọ̀lù Gaelic, bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ Irish tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn láti ọdún 1957, ọmọ wa ọkùnrin sunkún nítorí pé kò fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà wo ló tọ́, tí a ó sanwó rẹ̀ tí ọkàn wa yóò sì balẹ̀, tí a lè gbà máa wo líìgì Ireland, ikọ̀ orílẹ̀-èdè Ireland àti bọ́ọ̀lù Gaelic? Bàbá mi tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde náà fẹ́ máa bá wa wò ó, nítorí pé wọ́n ti bá wa gbé ní Drogheda rí, wọn kò sì gbàgbé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀.

Bàbá Tallaght, Houston

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí RTÉ fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, nítorí pé bí ẹ bá ti mọ ìdí rẹ̀, ìyókù kò ní ṣòro mọ́. Ẹni tó ni ìdíje ló ni àwòrán eré, òun ló sì ń ta ẹ̀tọ́ láti gbé e sáfẹ́fẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀tọ́ ti ilẹ̀ Ireland ni RTÉ rà, nítorí náà kò lágbára láti fi eré kan náà hàn yín ní Calgary, bí ó tilẹ̀ wù ú. Ohun tó yẹ kí a máa bèèrè kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni pé: ta ló ra eré yìí ní orílẹ̀-èdè tí mo jókòó sí lónìí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pàdánù eré nítorí pé ìkànnì tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n wà ní Dublin ni wọ́n ṣì ń wá kiri.

Ti líìgì ló rọrùn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Líìgì fúnra rẹ̀ ní ojú òpó tó fi ń gbé eré jáde, LOITV ni wọ́n ń pè é, ẹni tó wà lẹ́yìn odi sì lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó sì fi káàdì sanwó. Láti ọdún 2025 ni Virgin Media Television ti ń gbé eré líìgì sáfẹ́fẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì fún àwọn tó wà ní Ireland. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ìwé ètò eré tó wà lórí ojú òpó náà, kí ẹ wò ó bóyá eré tí ẹ ń fẹ́ wà lára èyí tí wọ́n ṣí fún Kánádà ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ Drogheda nìkan ni ọkọ yín ń wò, ẹ fi owó eré kọ̀ọ̀kan wé owó gbogbo sáà kí ẹ tó yàn. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ló wà ní ìpele òkè, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbá eré mẹ́rìndínlógójì láàárín oṣù kejì sí oṣù kọkànlá. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìdajì wọn pàápàá yóò jèrè bí ó bá san ti sáà. Ẹ má retí àwòrán bí ti líìgì Gẹ̀ẹ́sì o. Kámẹ́rà kò pọ̀, pàápàá ní ìpele kejì, ṣùgbọ́n ẹ ó rí gbogbo eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ó sì gbọ́ orin àwọn èrò.

Ọ̀rọ̀ aago ṣe pàtàkì. Aago mẹ́jọ alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀pọ̀ eré ọjọ́ Ẹtì ń bẹ̀rẹ̀ ní Ireland, ìyẹn aago kan ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń sún aago wọn síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, Ireland sì ń dúró di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù náà. Láàárín ìgbà yẹn, wákàtí mẹ́fà ló wà láàárín yín àti Dublin, kì í ṣe méje mọ́. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí oṣù kẹwàá. Ìgbà wọ̀nyí gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń ṣí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí eré ti ń lọ sópin, tàbí kí wọ́n jókòó ti àwòrán òfìfo fún odindi wákàtí kan.

Inú mi dùn pé ẹ béèrè ọ̀nà tí a ń sanwó rẹ̀. Mipo Odubeko tí wọ́n bí ní Tallaght wá gbá bọ́ọ̀lù fún Shelbourne ní ọdún 2025. Jonathan Afolabi ló gbá pẹ́nárítì wọlé fún Bohemians nínú àṣekágbá ife FAI ọdún 2023, níwájú èrò 43,881. Ọmọ wa ni wọ́n, líìgì yìí náà sì ti di tiwa. Ó yẹ kí ó rówó gbọ́ bùkátà.

Àǹtí Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Mo kí yín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ti ikọ̀ orílẹ̀-èdè ni n ó sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. RTÉ àti Virgin Media ló ń fi eré wọn hàn ní Ireland, ṣùgbọ́n UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ló ń ta eré ìpegedé àti ti Nations League (ìdíje àwọn ikọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù) kárí ayé. Lórí ojú òpó UEFA, ojú ewé kan wà tí wọ́n to àwọn orílẹ̀-èdè sí, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ra ìdíje náà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò, kí ẹ má gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sórí Facebook ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀tọ́ wọ̀nyí ń yí ọwọ́ padà ní ọdún díẹ̀ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó fi ìdíje kan hàn yín lọ́dún tó kọjá lè má ní in mọ́. Bí ilé-iṣẹ́ tó rà á bá ń gba owó oṣù, ẹ wo ọjọ́ tí àwọn eré wà kí ẹ tó san án. Ìdíje àwọn ikọ̀ orílẹ̀-èdè máa ń kóra jọ sí oṣù kẹta, ìkẹfà, ìkẹsàn-án, ìkẹwàá àti ìkọkànlá, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò sanwó oṣù tó bá ní eré nìkan, yóò sì dá a dúró lẹ́yìn náà.

Fún ẹ̀yin tó ṣì ń gbé ní Ireland ṣùgbọ́n tí ẹ ń rìnrìn àjò, òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2018, bí ẹ bá ní ètò tẹlifíṣọ̀n orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń sanwó fún ní orílẹ̀-èdè kan nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ máa wò ó nígbà tí ẹ bá lọ fún ìgbà díẹ̀ sí orílẹ̀-èdè mìíràn nínú Ìṣọ̀kan náà. Ẹni tó bá lọ lo ìsinmi ní Sípéènì lè fi àkáǹtì rẹ̀ ti Ireland wo eré níbẹ̀, kò sì ní san kọ́bọ̀ lé e. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ kò sí lábẹ́ dandan náà. Ìlú Ọba ti jáde kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè fi òfin yẹn gbèjà ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń lé eré wọ̀nyí kiri. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ní ìlú Faro, Gavin Bazunu, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, mú pẹ́nárítì Cristiano Ronaldo. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ni Andrew Omobamidele wọlé gẹ́gẹ́ bí arọ́pò, eré rẹ̀ àkọ́kọ́ fún Ireland nìyẹn. Ronaldo ló padà gbá méjì wọlé ní ìparí eré, Pọ́túgàl sì borí ní 2-1, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí orúkọ Omobamidele lẹ́yìn aṣọ àwọ̀ ewé yẹn, mo dìde dúró nínú pálọ̀ mi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Troy Parrott gbá mẹ́ta wọlé ní Budapest, ẹ̀kẹta wọlé nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti pé kọjá, Ireland sì na Họ́ńgárì ní 3-2. Irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn kà lórí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n Woodlawn, New York

Mo dúpẹ́ pé ẹ mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù Gaelic, nítorí pé àwọn ọmọ wa tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ireland ló mú un wọ ilé wa, ọ̀pọ̀ àwọn òbí kò sì mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Ọ̀dọ̀ GAA fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù Gaelic, ni kí ẹ lọ. Ní ọdún 2014, RTÉ àti GAA jọ dá ojú òpó GAAGO sílẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Ní ọdún 2025, GAA gba gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di GAA+. Ẹni tó bá wà ní òkè òkun tó sanwó síbẹ̀ ń rí àwọn eré tí RTÉ ń fi han àwọn tó wà ní Ireland lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà, ní ti bọ́ọ̀lù Gaelic, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lè tó yín fún gbogbo ọdún. Líìgì Gaelic ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kìíní, ó sì ń parí ní oṣù kẹta. Ìdíje àwọn agbègbè tẹ̀lé e ní oṣù kẹrin, àṣekágbá gbogbo Ireland sì wà ní oṣù keje, ní pápá Croke Park ní Dublin. TG4, ìkànnì elédè Irish, náà ń fi eré líìgì Gaelic àti ti àwọn obìnrin hàn, àwọn ètò kan lórí ojú òpó rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè.

Bí bàbá yín bá fẹ́ jókòó tì í, ẹ kọ́ wọn ní bí a ti ń ka àmì ayò, nítorí pé ó lè da ojú rú. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù tó bá wọ inú àwọ̀n jẹ́ góòlù, àmì mẹ́ta ni. Èyí tó bá gba òkè igi kọjá jẹ́ àmì kan. Láti ọdún 2025, bí wọ́n bá gbá a gba òkè igi láti ẹ̀yìn ìlà tí wọ́n fà sí mítà ogójì, àmì méjì ni. Nínú àṣekágbá ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2025, Kerry ní 1-26, Donegal ní 0-19. Góòlù kan àti àmì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ti Kerry, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sí mọ́kàndínlógún. Bí bàbá bá ti mọ èyí, wọn kò ní nílò olùtumọ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni a ti lè rí i lẹ́yìn odi. New York àti Lọ́ńdọ̀nù ní ikọ̀ tiwọn nínú ìdíje Connacht, ọ̀kan lára àwọn ìdíje agbègbè tí mo sọ. Ní ọdún 2023, ní Gaelic Park tó wà ní Bronx níbí, New York fi pẹ́nárítì borí Leitrim, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa borí eré kan nínú ìdíje náà. Mo wà láàárín èrò ní ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ lọ sílé. Àṣekágbá gbogbo Ireland ti ọdún 1947 pàápàá, níbí ni wọ́n ti gbá a, ní Polo Grounds, Cavan sì borí Kerry. Orí rédíò ni àwọn tó wà ní Ireland ti gbọ́ ọ. Ẹ wá ẹgbẹ́ GAA tó bá wà ní Calgary. Wọn a máa péjọ wo àwọn eré ńlá, àwọn ọmọ yín yóò sì rí ẹni bá gbá a.

Ìyá Drogheda, Calgary

Ẹ ṣé púpọ̀, Olúwa yóò máa fún yín ní ìlera. Mo ti ka ti LOITV, mo sì ti rí ojú ewé UEFA tí àǹtí sọ. Ohun kan ló kù. Ọmọ mi ọkùnrin sọ pé a kò nílò láti sanwó kankan, pé bí a bá ti fi VPN, ohun èlò tó ń fi ibi tí ènìyàn wà pamọ́, sórí kọ̀ǹpútà, RTÉ yóò rò pé Drogheda ni a ṣì wà. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò sì ní kó wa sí wàhálà?

Bàbá Tallaght, Houston

Ìyá wa, ọmọ kò parọ́ pé ohun èlò náà wà, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé ìrètí yín lé e. Ó lòdì sí àdéhùn tí a ń fọwọ́ sí nígbà tí a bá ń ṣí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán mọ ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì tí VPN ń lò, wọ́n sì ń dí wọn, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìgbà tí eré ńlá bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó mọ̀ pé wọ́n ti dí tiyín. Èyí tó burú jù ni àwọn VPN ọ̀fẹ́, nítorí pé gbogbo ohun tí ẹ bá ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, títí kan ọ̀rọ̀ báǹkì, ni yóò máa gba ọwọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí kọjá. Àwọn ojú òpó tí ń fi eré hàn láìgbàṣẹ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà títọ́ wà fún eré tí ẹ̀ ń wá, ẹ lo èyíinì.

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ti díjú díẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fọkàn sí i. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, àwọn ẹgbẹ́ líìgì Ireland máa ń gbá ìpele ìpegedé ti ìdíje Yúróòpù. Nínú àwọn ìpele àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ẹgbẹ́ tó bá gba àlejò ló ń ta ẹ̀tọ́ eré tó wáyé ní pápá rẹ̀. Èyí já sí pé eré tí wọ́n bá gbá ní Tallaght, pápá Shamrock Rovers, lè wà ní ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan, kí eré kejì tí wọ́n máa gbá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ní pápá àwọn alátakò wà ní ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Ojú òpó àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ máa wò ní ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n sábà máa ń kéde rẹ̀ ní bíi ọjọ́ méjì péré ṣáájú eré, tí ẹgbẹ́ kan yóò sì gbé e sórí ìkànnì tirẹ̀ nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá ti wọ ìpele líìgì, bí Shamrock Rovers ti ṣe nínú Conference League ní sáà 2024 sí 2025, UEFA ló ń ta gbogbo rẹ̀, a óò sì padà sí ojú ewé tí Àǹtí Peckham sọ.

Ará Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti bàbá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí pé èmi náà ti padà sílé láti Balbriggan, mo sì mọ ohun tó ń dènà wa níbí. Àkọ́kọ́ ni owó sísan. Kì í ṣe gbogbo káàdì náírà ni àwọn ojú òpó ilẹ̀ òkèèrè ń gbà. Káàdì àkáǹtì owó òkèèrè ló dájú jù, bí bàbá kò bá sì ní in, ẹ fi àdírẹ́sì ímeèlì tiwọn ṣí àkáǹtì tiwọn, kí ẹ sì bá wọn fi káàdì yín san án. Ẹ má fún wọn ní ọ̀rọ̀ aṣínà tiyín, nítorí pé bí ènìyàn méjì bá jọ ń wo eré kan náà lórí àkáǹtì kan láti ìlú méjì, ó lè lé ẹnì kan jáde láàárín eré.

Èkejì ni dátà. Eré tí àwòrán rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ kedere lè jẹ bíi gígábáìtì mẹ́ta ní wákàtí kan. Bí bàbá bá fẹ́ wo eré méjì lọ́sẹ̀, ẹ wọ inú ìṣètò ojú òpó náà, kí ẹ dín àwòrán rẹ̀ kù sí èyí tó kéré, yóò wá sí nǹkan bíi gígábáìtì kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù kékeré, ojú kò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, wáyà HDMI láti ara kọ̀ǹpútà alágbèéká ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù, nítorí pé kò nílò Wi-Fi láàárín kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n bá sì mú iná lọ, kọ̀ǹpútà ṣì lè máa bá eré lọ lórí bátìrì. Ẹ rí i pé wọ́n ti ṣáàjì bátìrì náà kí ó tó di alẹ́.

Ẹ̀kẹta ni rédíò, mo sì fẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún un. RTÉ Radio 1 ti pa ìgbì gígùn 252 rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Irish ní Ìlú Ọba ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. LMFM, rédíò Louth àti Meath tó wà ní Drogheda gan-an, náà wà níbẹ̀, wọ́n a sì máa ròyìn eré Louth. Dátà tí rédíò ń jẹ kéré gan-an. Ní alẹ́ tí nẹ́tíwọ́kì bá kọ̀ láti gbé àwòrán, òun ni mo máa ń ṣí, mo sì máa ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ.

Ní ti aago, ẹ sọ fún bàbá pé láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago Nàìjíríà àti ti Ireland kò yàtọ̀ síra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà àti ní ìparí rẹ̀, wákàtí kan la fi ṣíwájú wọn, eré ọjọ́ Ẹtì yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó kẹ́yìn ni pé àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ ju eré gan-an lọ, nígbà mìíràn ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá wọn pa ìró WhatsApp ti ẹbí, nítorí pé ẹni tó wà nínú pápá ní Drogheda yóò ti kọ "góòlù" síbẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà ní àárín pápá lójú bàbá.